Bí mo ṣe wọn sísún ìmọ́lẹ̀ 3C 273 ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn

Nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni mo ń wá: 0.158. Maarten Schmidt, onímọ̀ ìràwọ̀, ló kọ́kọ́ rí i, ní oṣù Kejì ọdún 1963, nígbà tó jókòó ti àwòrán ìmọ́lẹ̀ ohun kan tí wọ́n ń pè ní 3C 273, tó fi awò ńlá Palomar ní Kalifọ́níà yà. Lójú lásán, ó dà bí ìràwọ̀. Àmọ́ àwọn ìlà inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti ìràwọ̀ kankan. Ìgbà tó yá ni Schmidt rí i pé ìlà háídírójìn tí gbogbo ayé mọ̀ náà ni, pé ńṣe ni wọ́n ṣí kúrò láyè wọn, tí gbogbo wọn sún sí apá pupa ní ìdá 15.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó sún tó bẹ́ẹ̀ kò lè sí nínú gálásì tiwa. Ọkàn gálásì mìíràn ni. Ihò dúdú ńlá kan wà láàárín rẹ̀, gáàsì ń yí i ká kó tó kó sínú rẹ̀, gáàsì náà sì ń gbóná títí tó fi ń tàn ju gbogbo ìràwọ̀ gálásì ọ̀hún lápapọ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lónìí ti gbéra níbẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ nọ́ḿbà yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS3. Mi ò fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n rí. Ohun tó sì fún mi láyà ni pé 3C 273 ni quasar (orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọkàn gálásì tó ń tàn báyìí) tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpele 12.9, awò kékeré lè mú un. Èkejì, orí wa níbí gan-an ló ń gbà kọjá. Ní Palomar, ibi tó ga jù tó lè dé kò ju 59° láti ilẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn, ó ń dé nǹkan bí 85°. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín èmi àti òun kéré sí èyí tó wà láàárín òun àti Schmidt.

1. Ohun èlò àti iye tí mo ná

Awò Newton tòkunbọ̀ tí jígí rẹ̀ fẹ̀ ní 200 mm, tí ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jìn ní 1,000 mm, àti EQ5 onímọ́tò tó ń yí i tẹ̀lé ìràwọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi rà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, £340 fún méjèèjì, mo sì san ₦95,000 láti fi kó wọn wálé. Kámẹ́rà ASI120MM, òun náà tòkunbọ̀, £75. Star Analyser 100, dígí kékeré tí wọ́n fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ 100 sí nínú mílímítà kọ̀ọ̀kan, £118. Dígí yìí ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ká di ọ̀já aláwọ̀ gígùn. Láàpútọ́ọ̀pù àti inverter ti wà nílé. Lórí kọ̀ǹpútà, SharpCap ni mo fi yàwòrán, ASTAP ni mo fi mọ ibi tí awò kọjú sí, Siril ni mo fi to àwòrán jọ, Python ni mo fi ṣe ìṣirò. Mi ò san kọ́bọ̀ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

2. Òpó irin

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe EQ5 fún. Igi àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ojúkò tí gbogbo ọ̀run ń yí ká ní àríwá, ojúkò yẹn sì máa ń ga láti ilẹ̀ bí ìlà ìbú ìlú ẹni bá ṣe tó. Lọ́ńdọ̀nù, 51.5°. Ìbàdàn, 7.4°. Tèmi kò lè wálẹ̀ ju 15° lọ, skúrù rẹ̀ á ti kan irin. Ká tiẹ̀ ní ó wálẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wíwúwo kọ́ á máa gbá ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró. Mo kọ́kọ́ fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ kan kí gbogbo rẹ̀ lè dagun. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Mo gbá awò mú kó tó dé ilẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Mo bá pinnu láti ri òpó kan mọ́lẹ̀. Páìpù irin oní-ínǹṣì mẹ́rin, 1.7 m, tí 0.6 m rẹ̀ máa wọlẹ̀ sínú kọnkéré. Kí n má bàa dá skúrù EQ5 lóró, mo ní kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ orí òpó, 200 mm níbùú lóròó, kó dagun ní 10°, kí etí tó kọjú sí àríwá fi 35 mm rẹlẹ̀ ju ti gúúsù lọ. Bí mo bá wá gbé EQ5 sí 17.4°, 7.4° ló máa jẹ́ lóòótọ́. Mo ya á sínú ìwé, mo kọ gbogbo ìwọ̀n sí i, mo gbé e fún bàbá wẹ́dà tó wà ní òpópónà wa.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, irin orí òpó náà tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Àǹtí, mo rí i pé irin òkè yẹn wọ́ nínú ìwé yín," ni bàbá wí, inú wọn dùn. "Mo ti bá yín tọ́ ọ. Ẹ gbé lẹ́bẹ́ẹ̀lì lé e, kẹ́ ẹ wò ó."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, wíwọ́ yẹn gan-an ni mo ń sanwó fún."

Wọ́n wo òpó, wọ́n wo mi. Mo mú igi ìgbálẹ̀ kan, mo nà án sí ìhà àríwá, mo sọ fún wọn pé ibì kan wà níbẹ̀ tí kì í yí, pé gbogbo ìràwọ̀ ló ń yí i po, pé ibẹ̀ ni orí ẹ̀rọ mi gbọ́dọ̀ máa wò títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ó ní ibi tó fẹ́ máa wò." Wọ́n fi ẹ̀rọ agé irin gé e kúrò, wọ́n gé páálí kan sí 10° gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, wọ́n sì tún un jó níṣojú mi. Wọn ò gbowó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ya nǹkan fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n.

Páìpù ₦22,000, irin pẹlẹbẹ ₦15,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦12,000, sìmẹ́ńtì àpò méjì ₦19,000, yanrìn àti òkúta ₦6,000. Mo fún kọnkéré ní ọjọ́ mẹ́wàá kó tó gbẹ́rù.

Ìṣòro tó tẹ̀ lé e: òpó náà ń dún bí agogo. Bí mo bá fi ìka kàn án, ìràwọ̀ inú kámẹ́rà á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, mo sì rọ yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, yanrìn tí mo kọ́kọ́ sá sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Gbígbọ̀n náà wá sílẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ti kíkọjú sí àríwá ṣì wà. Ìràwọ̀ Polaris tí àwọn tó ń gbé lápá àríwá ayé fi ń tọ́ awò wọn sọ́nà kò ga ju nǹkan bí 7° lọ lọ́dọ̀ wa, òrùlé aládùúgbò sì bò ó pátápátá. Bí mo ṣe ṣe é nìyí: mo kọjú awò sí ìràwọ̀ kan nínú ìgbànú Orion nígbà tó dé òkè orí, mo jẹ́ kí mọ́tò máa tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì ń wo apá ibi tó ń yọ̀ sí. Bó bá ń yọ̀ sí gúúsù, igi àárín ti yà sí ìlà oòrùn jù. Bó bá jẹ́ àríwá, ó ti yà sí ìwọ̀ oòrùn. Mo ń tún un yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é kí ìràwọ̀ tó dúró sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú àáyá láì fà gùn.

3. Kámẹ́rà kò rí ìràwọ̀ kedere

Èyí kò pẹ́. Ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe awò yìí fún, ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ kò yọ síta tó fún kámẹ́rà. Mo sún jígí ńlá sókè ní 25 mm. Búlọ́ọ̀tì gígùn mẹ́ta àti sípíríǹgì tí mo fi sún un, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀ ní Agodi Gate ni mo ti rí wọn, ₦2,400. Lẹ́yìn náà, mo tún jígí méjèèjì tò kí wọ́n kọjú síra wọn dáadáa.

4. Dígí onílà àti rúlà

Dígí onílà máa ń wọ iwájú kámẹ́rà bí fítà. Bó bá ṣe jìnnà sí ojú kámẹ́rà tó ni ọ̀já àwọ̀ ṣe máa gùn tó. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fún dígí onílà 100, ẹ sọ fífẹ̀ pixel kan (ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) ní máíkírómítà di ìlọ́po 100, kẹ́ ẹ fi jíjìnnà dígí sí ojú kámẹ́rà ní mílímítà pín in. Pixel tèmi fẹ̀ ní 3.75. Mo fi rúlà wọn jíjìnnà, 40 mm. 375 ÷ 40 = 9.375, ìyẹn ni pé pixel kọ̀ọ̀kan gba 9.375 Å (angstrom, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) nínú gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Mo kọ nọ́ḿbà yẹn sí èpo ìwé mi, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn.

Mo yí dígí títí ọ̀já náà fi tẹ́ gbọọrọ ní ìbú àwòrán, tí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ wà létí òsì, tí pupa sì wà lápá ọ̀tún. Bí ọ̀já bá dagun, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn á gun orí rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ àkọ́kọ́.

5. Àwọn alẹ́ tí mo yàwòrán

Oṣù Kejì ọdún 2025 ni, nígbà tí òṣùpá kò sí. Eruku ọyẹ́ ò tíì tán ní 25, n ò rí ju àwọn ìràwọ̀ ńlá lọ. Ní 26, ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀, mo yàwòrán wákàtí kan, kí ASTAP tó sọ fún mi pé ibi tí mo kọjú sí fi nǹkan bí ìdajì dígíríì yà kúrò lójú ọ̀nà. Gbogbo àwòrán alẹ́ yẹn ṣòfò. Ìràwọ̀ Eta Virginis ni mo fi ń wá ọ̀nà: láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ìlà oòrùn ní 2.3°, kẹ́ ẹ gòkè sí àríwá ní 2.7°. Ohun tí kámẹ́rà mi ń rí lẹ́ẹ̀kan kò ju ìdámẹ́rin dígíríì lọ, nítorí náà ẹ má fi ojú gbà á, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Òru 27 mọ́jú 28 ló dára. Wọ́n mú iná lọ ní bí ago kan, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, àwọn aládùúgbò sì ti pa jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó sùn. Inverter gbé láàpútọ́ọ̀pù àti mọ́tò. 3C 273 dé òkè orí nígbà tí ago mẹ́ta kù díẹ̀. Mo ya àwòrán 108, ogún ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí 81 tó dára nínú wọn, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀. Kámẹ́rà mi kò ní ẹ̀rọ amúnútutù, ooru inú rẹ̀ wà ní 31°C, àmì funfun wẹ́wẹ́ kún inú àwòrán bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Mo fi ìdérí bo ẹnu awò, mo ya ọgbọ̀n àwòrán òkùnkùn fún iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà, Siril sì yọ wọ́n kúrò. Láìṣe èyí, ẹ ò ní rí quasar kankan nínú ooru tiwa.

Kí n tó gbé e sílẹ̀, mo tún ya Denebola, ìràwọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, irú èyí tí ìlà háídírójìn máa ń hàn kedere lára rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti mọ́lẹ̀ jù, àárín ìràwọ̀ funfun gbòòrò, kò ṣe é wọ̀n. Mo sọ ọ́ di 0.05.

6. Nọ́ḿbà tó tọ́ lára ìràwọ̀ tí kò tọ́

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iléèwé, mo ṣí fáìlì àkọ́kọ́, mo ní kí Python ka ọ̀já náà láti òsì sí ọ̀tún kó sì yà á bí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀. Àmì kan hàn gbangba ní pixel 600 sí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀. 600 × 9.375 = 5,625 Å.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ìlà háídírójìn tí wọ́n ń pè ní Hβ máa ń wà ní 4,861 Å nínú yàrá ìwádìí. Bó bá sún ní 0.158, 5,629 ló yẹ kó bọ́ sí. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti yàrá kejì kó wá wò ó. Òun ló bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kòtò ló yẹ kó jẹ́?"

Kòtò ni lóòótọ́. Gáàsì tó ń jó yí ihò dúdú ká máa ń tan ìlà rẹ̀ síta, òkè ló yẹ kó yọ. Lára ìràwọ̀ lásán ni háídírójìn ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, tí kòtò fi ń hàn. Mo wo orúkọ fáìlì. Denebola ni. Ìràwọ̀ tí kò jìnnà sí wa ju bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 36 lọ, tí kò sí bó ṣe lè sún tó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Mo ṣí ti 3C 273. Òkè rìbìtì kan wà níbẹ̀ ní pixel 695. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 9.375, ó fún mi ní 6,516. Hα, ìlà háídírójìn tó pupa, wà ní 6,563. Ó wá dà bíi pé quasar kò sún rárá, tí ìràwọ̀ sì sún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé ìràwọ̀ mìíràn ni mo tún lọ yà. ASTAP ní rárá, ibi tó tọ́ ni.

Rúlà ni. Ojú kámẹ́rà tí mo fi rúlà kàn kì í ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán. Ibẹ̀ wà nínú, lẹ́yìn dígí, ó fi mílímítà mélòó kan jìn sí ibi tí mo wọ̀n. Mo wá yí ìṣirò náà padà. Mo jẹ́ kí Denebola fúnra rẹ̀ sọ ìwọ̀n: bí kòtò pixel 600 bá jẹ́ Hβ ní 4,861, pixel kan jẹ́ 8.10 Å. Hα rẹ̀ wà ní pixel 810: 810 × 8.10 = 6,561. Hγ, ìlà háídírójìn mìíràn, ní 536: 4,342, ó sì yẹ kó jẹ́ 4,340. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò. Jíjìnnà tòótọ́ jẹ́ 46.3 mm, 40 kọ́.

Ẹ wá wo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. 9.375 ÷ 8.10 jẹ́ 1.157. Àṣìṣe rúlà mi àti sísún tí mo ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá. Ká ní mi ò ya Denebola, ká sì ní fáìlì 3C 273 nìkan ni mo ní, mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò rí sísún kankan.

7. Kámẹ́rà kì í rí gbogbo àwọ̀ bákan náà

Àárín ọ̀já máa ń mọ́lẹ̀ ju etí méjèèjì lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń ríran dáadáa jù. Ó fi òkè ńlá kan sáàárín àwòrán tí kì í ṣe ti quasar. Ọ̀nà àbáyọ: mo mú ọ̀já Denebola, mo fi bó ṣe yẹ kí ìràwọ̀ irú rẹ̀ rí pín in, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ ìwà kámẹ́rà mi. Mo wá fi ìwà yẹn pín ọ̀já 3C 273. Ilẹ̀ tẹ́jú, òkè Hβ àti Hγ dá dúró gedegbe, ti Hβ sì ga ju ti Hγ lọ.

8. Ọ́síjìn tó jókòó lórí Hα

Hα ló máa ń ga jù lára quasar, òun ni mo sì kọ́kọ́ fọkàn tán. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: 6,563 × 1.158 = 7,600. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ayé wa máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì láti nǹkan bí 7,594 dé 7,621. Ìmọ́lẹ̀ tó rin ìrìn bílíọ̀nù ọdún méjì wá sọ̀kalẹ̀ sórí ilé wa, afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló bu àárín rẹ̀ jẹ. Òkè Hα mi ní kòtò lápá ọ̀tún, orí rẹ̀ yẹ̀ sápá òsì, ó sì bọ́ sí pixel 936, ìyẹn 7,582. Sísún tó fún mi jẹ́ 0.155. Ọ́síjìn náà wà lára Denebola pẹ̀lú, mo sì retí pé pípín tí mo ṣe lókè á tún un ṣe. Ó tún un ṣe díẹ̀, kò tún un ṣe tán. Mo yọ Hα kúrò nínú ìṣirò. Bí ẹ bá fẹ́ wọn 3C 273, Hβ ni kẹ́ ẹ dì mú.

9. Ohun tí mo rí

Hβ: mo fi Python wọn àárín òkè náà dáadáa, ó bọ́ sí pixel 694.6. 694.6 × 8.10 = 5,626 Å. Mo fi 4,861.3 pín in, mo yọ 1 kúrò: 0.157.

Hγ: pixel 622.0, 5,038 Å. 4,340.5 pín in: 0.161. Òkè yìí kéré, etí rẹ̀ kò mọ́.

Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.159. Bí mo bá ṣi Hβ wọ̀n ní pixel kan péré, èsì máa yí ní nǹkan bí 0.002. Nítorí náà 0.159 mi àti 0.158 Schmidt kò jà.

Ohun kejì wà tí mi ò retí pé màá rí mú. Òkè Hβ kò tín-ín-rín, ó fẹ̀ ní pixel 11 ní ìdajì gíga rẹ̀, ìyẹn 89 Å. Ìràwọ̀ lásán nínú awò mi máa ń fẹ̀ ní pixel 6, 49 Å, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jó àti jígí mi. Bí mo ti yọ ti awò kúrò, ìyẹn gbòǹgbò 89² − 49², ó ku 74 Å. Kí ló fẹ̀ ẹ́? Gáàsì tó ń yí ihò dúdú ká ni: èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ń ti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí búlúù, èyí tó ń lọ ń fà á sí pupa, òkè kan náà á wá nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. 74 nínú 5,629 ti ìyára ìmọ́lẹ̀ jẹ́ bíi 4,000 kìlómítà lójú ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Ìbàdàn dé Kano, ká lọ ká bọ̀, ó lé ní ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ so awò ńlá mẹ́rin oní-mítà mẹ́jọ ní Chile pọ̀, wọ́n rí i pé gáàsì yìí gan-an ń yí po lóòótọ́, wọ́n sì ṣírò pé ihò dúdú àárín rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí oòrùn 300 mílíọ̀nù. Awò tèmi kò lè rí yíyípo yẹn. Fífẹ̀ rẹ̀ ló rí, mo sì ti fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí bébà tí mo tẹ̀ jáde.

10. Àyẹ̀wò kejì, òru 29 mọ́jú 30 oṣù Kẹta

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá orí ló bá mi ṣe é. Òṣùpá ò tún sí, 3C 273 sì ti ń dé òkè orí ní bí ago kan òru kù díẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọsánmà kò jẹ́ kí n rí ju àwòrán 34 lọ. Hβ nìkan ló hàn, ní pixel 685.5.

Láàárín oṣù kan yẹn, mo ti tú kámẹ́rà kúrò láti fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ti dá a padà. Lójú mi, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló padà sí. Denebola ní bẹ́ẹ̀ kọ́: Hβ tirẹ̀ bọ́ sí pixel 592.1 lálẹ́ yẹn, pixel kan ti di 8.21 Å. 685.5 × 8.21 = 5,628, sísún jẹ́ 0.158. Ká ní 8.10 oṣù Kejì ni mo lò, 0.142 ni mi ò bá rí.

Mo ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lára kámẹ́rà àti ìdí dígí onílà kí n lè máa mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ṣùgbọ́n Denebola ni mo ṣì ń kọ́kọ́ yà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan.